Yẹ́lò Tó Ṣẹ́kù Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Nígbà tí kíláàsì wa ń wá ẹni tó máa bójú tó aṣọ òfì tí a fẹ́ lò ní Ọjọ́ Àṣà, mo nawọ́ sókè, mo ní Àpáta ni ilé wa, ahunṣọ sì wà ní àdúgbò wa. Bí wọ́n ṣe dá owó lé mi lọ́wọ́ nìyẹn: fìlà fún àwọn ọkùnrin, gèlè àti ìpèlé fún àwa obìnrin. Ẹ mọ bí owó ọmọléèwé ṣe máa ń rí. Àwọn kan san tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jà sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ lórí WhatsApp. Àwọn kan fẹ́ elésè àlùkò, àwọn kan ní yẹ́lò làwọn máa wọ̀. Mo bá pa méjèèjì pọ̀. Mo yà á sórí fóònù: fọ́nrán yẹ́lò kan, fọ́nrán àlùkò kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé etí aṣọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo wọ Micra lọ sí Dùgbẹ̀, mo tún wọ òmíràn lọ sí Gbági, mo ra òwú. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bàbá ahunṣọ náà. Abẹ́ páànù ló ń jókòó sí, ní òpópónà kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Tí ẹ bá débẹ̀, òwú lẹ máa kọ́kọ́ rí, tó nà gbọọrọ jáde níwájú òfì, tí wọ́n fi òkúta di ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà dẹ̀, tí adìẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. (Moor Plantation, níbi tí àwọn òyìnbó ti gbin òwú láyé ìjọba amúnisìn, kò jìnnà síbẹ̀. Òkè òkun ni òwú tí mo rà ti wá.)

Bàbá wo àwòrán mi títí.

"Ìwọ ọmọ yìí, báwo ni aṣọ yìí ṣe fẹ̀ tó lójú rẹ?"

Mo ní bí ìró, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka mẹ́rin sí mi. Nǹkan bí ínǹṣì mẹ́rin ni òfì máa ń fẹ̀. Rírán la ń rán an pọ̀. Ó ní òwú tó nà gbọọrọ yẹn ló ń fún aṣọ ní àwọ̀, èyí tí wọ́n ń jù gba àárín rẹ̀ kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun hun díẹ̀ kí n fi ojú ara mi rí i.

Ó hun ún tó apá kan. Nígbà tí mo gbé e sún mọ́ ojú, ó wù mí. Bàbá ní kí n kọjá sí òdìkejì títì kí n wò ó láti ibẹ̀. Mo kọjá. Kò sí yẹ́lò, kò sí àlùkò. Àwọ̀ omi àgbàrá ni mo rí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n ń béèrè pé, "Àwòrán dà?" Mo ní kò sí iná, fóònù mi ti fẹ́ kú. Irọ́ ni. Iná wà.

Màmá Àgbà ló rí i pé mi ò jẹun. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ṣí àpótí, ó gbé ẹtù tó fi ṣègbéyàwó fún mi pé kí n lọ fi han Bàbá. Bàbá tẹ́ ẹ sí itan mi: fọ́nrán tín-ín-rín tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ wà láàárín èyí tó dúdú, bí ìyẹ́ ẹtù gan-an. Ó gbé e kọjá títì, ó nà án sókè. Aró kan ṣoṣo ni mo rí, tó jinlẹ̀, tó ń dán. Ìdàpọ̀ tó ba tèmi jẹ́ náà ló ṣe ẹtù lẹ́wà. Bàbá ní inú aró kan náà ni fọ́nrán méjèèjì ti jáde, ọ̀kan kàn pẹ́ níbẹ̀ ju èkejì lọ. "Ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn tìrẹ ń pa ara wọn."

Mo wá ro àwọn yòókù wò: sányán tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àti àlàárì tí òwú rẹ̀ máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti Tripoli láyé àtijọ́. Kò sí èyí tí àwọ̀ ti ń jà nínú wọn. Ní kíláàsì, tí wọ́n bá ti dárúkọ Berlin àti Kay, ìwé wọn ti 1969, a máa ń sọ pé funfun, dúdú àti pupa nìkan lorúkọ àwọ̀ tó dá dúró lédè wa. Bàbá ò mọ̀ pé òun ò ní orúkọ. Ìyeyè ló ń pe yẹ́lò mi.

Ó ní kí n kó ìyeyè jọ sójú kan, kó fẹ̀ tó ìka kan ní àárín òfì, kí àlùkò gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àlùkò tí mo rà kò ní tó. Owó tí mo tọ́jú fún títẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ni mo fi ra òmíràn. Mo wá sọ òótọ́ fún kíláàsì, pẹ̀lú àwòrán omi àgbàrá náà. Àwọn kan bú mi, mo sì gbà. Àwọn ẹlẹ́yẹ́lò ló bínú jù: "Ìka kan péré?"

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo dúró sí. Mo ń rí ìlà ìyeyè lórí gbogbo wọn láti ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó bú mi bẹ̀ mí kí n ya òun ní fọ́tò.

Yẹ́lò tó ṣẹ́kù ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi, ìdì mẹ́jọ, tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá mi wá. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ò tíì rí owó ìtẹ̀wé.