Ọyàn ló wà lábíyá mi, èmi rò pé jẹjẹrẹ ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, fún ọdún mẹ́rin gbáko, búbà alápá gbàgẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí.

Inú oyún àkọ́bí mi ni nǹkan kan ti yọ lábíyá mi méjèèjì. Mo ní eéwo ni, yóò lọ. Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, tí omi ọyàn dé, áà! Abíyá mi le bí òkúta, mi ò lè sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí lo há sábíyá?" Mo ní kò sí nǹkan kan, mà.

Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ wo ọgbọ́n agọ̀! Ọṣẹ bàbá kan ni mo lọ rà, ó bó mi lára bí ẹni bó ẹ̀wà àkàrà. Owó tí mo ná, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Nígbà oyún kejì, ó tún tóbi sí i. Télọ̀ mi ní Lágéré ló tú mi láṣìírí: "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fẹ abíyá yìí sí i o." Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi, ó di OAUTHC.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, ó ní ọyàn ni. Ọyàn lábíyá kẹ̀? Ó ní nígbà tí ọmọ bá ṣì wà nínú oyún, ojú ọyàn máa ń tò láti abíyá títí dé itan, lọ́tùn-ún lósì, bíi ti ajá. Tàyà ló máa ń kù, ìyókù á parẹ́. Lára àwọn obìnrin mìíràn, díẹ̀ á kù sábíyá. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú lásìkò oyún, ìfọ́mọlọ́yàn àti nǹkan oṣù. Kì í ṣe àrùn. Ẹni tí kò bá dà láàmú lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ lè mú un bó ṣe ń mú tàyà, nítorí náà kókó ibẹ̀ ò ṣeé fojú di.

Ó ní àfi tí mo bá já ọmọ lẹ́nu ọyàn kí wọ́n tó gbé e kúrò. Mo dúró. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n gé e lójú ìlà abíyá gan-an kí àpá má baà hàn, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí omi ara lè máa jáde. Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ẹran tí wọ́n gé ni wọ́n ní àwọn ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Títí èsì fi dé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọyàn lásán ni, kò sí jẹjẹrẹ. Níwájú nọ́ọ̀sì ni mo ti kúnlẹ̀.

Mo padà sí Lágéré. Télọ̀ wọ̀n mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọ̀n mí.

"Àǹtí, níbo lẹ gbé e sí?"