Ọwọ́ Òsì Kò Kan Gbogbo Ọmọ

Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwa tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama: Kóòṣì fẹ́ fẹ̀yìn tì. A máa ṣe ayẹyẹ fún un, a máa dáwó, a máa dá aṣọ ẹgbẹ́ jọ. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ti pín iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ oríkì Kóòṣì. "Ṣebí Yorùbá lò ń kà ní fásitì? Ọjọ́ ẹ rèé."

Mo ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, orúkọ Kóòṣì nìkan ló wà lórí ìwé mi.

Kì í ṣe pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin yìí ló san owó ìdánwò WAEC mi nígbà tí bàbá mi wà lórí àìsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu akọ̀wé ilé ìwé ni mo ti gbọ́. Láàárọ̀ Sátidé, ó máa ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún gbogbo wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nígbà tí a wà ní SS2, ọ̀rẹ́ mi kan ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò yẹ, Kóòṣì sì gbá a létí níwájú gbogbo wa. Etí náà ń hó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Títí di òní, bí o bá wà lápá òsì rẹ̀ tí o ń sọ̀rọ̀, àfi kó yíjú sí ọ kó tó gbọ́ dáadáa. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwa yòókù? A gbé bọ́ọ̀lù, a ń bá eré lọ. Kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wá, mo sá lọ sídìí fídíò. Bí mo ṣe kan Bob Knight nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn básíkẹ́tì lè ti rí fídíò náà: ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé 1985, Yunifásítì Indiana ń bá Purdue gbá a, inú bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Indiana sí àwọn rẹfirí, ó gbé àga oníke pupa kan, ó sì fi í sọ̀kò kọjá lórí pápá. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un wò. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn ọkùnrin náà, ẹ̀rín sì ń kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé Kóòṣì wa ni mò ń kà nípa rẹ̀.

Ọdún 29 ni Knight lò ní Indiana, láti 1971 sí 2000. Ó gba ife-ẹ̀yẹ NCAA lẹ́ẹ̀mẹta: 1976, 1981 àti 1987. Ti 1976 yẹn, ìdíje 32 ni wọ́n gbá, 32 náà ni wọ́n borí. Nígbà tí Knight fi kú ní oṣù Bélú 2023, kò tíì sí ẹgbẹ́ ọkùnrin mìíràn tó tún gba ife náà láìpàdánù ẹyọ kan láti ọdún 1976 yẹn. Òun ló kó ikọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Òlíḿpíìkì 1984 ní Los Angeles, tí Michael Jordan wà nínú wọn, tí wọ́n sì gba góòlù. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Texas Tech ní 2008, ìdíje 902 ló ti borí, kò sì sí ẹlòmíràn ní ìpele àkọ́kọ́ ti àwọn ọkùnrin tó tó o nígbà náà. Mike Krzyzewski tó wá kọjá rẹ̀ ní 2011, ọmọ tí Knight fúnra rẹ̀ kọ́ ní West Point ni.

Kì í sì ṣe ife nìkan. Ó fi dandan lé e pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa lọ sí kíláàsì. Ó bá yunifásítì náà kówó jọ fún ilé ìkàwé. Nígbà tí Landon Turner, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ife 1981, ní ìjàǹbá ọkọ̀ lóṣù Agẹmọ ọdún yẹn kan náà, tí kò sì lè rìn mọ́, Knight dìde, ó dá àpò owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Bí mo ṣe ka ìyẹn, owó WAEC mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Apá kejì rèé. Ní 1988, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tó fi ìfipábánilòpọ̀ ṣe àfiwé bí ẹni ń ṣàwàdà. Ní 1997, níbi ìgbáradì, ó ki ọwọ́ bọ ọrùn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Neil Reed. Reed kó ẹrù rẹ̀, ó fi Indiana sílẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ síta ní 2000, Knight sẹ́, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì bínú sí ọmọ náà, kí fídíò tó jáde lórí CNN.

Ààrẹ yunifásítì náà, Myles Brand, wá kìlọ̀ fún un lóṣù Èbìbì ọdún náà pé wọn kò ní gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́. Lóṣù Ọ̀wẹwẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kan pàdé Knight, ó sì pè é ní "Knight" láìfi "Ọ̀gbẹ́ni" tàbí "Kóòṣì" síwájú. Knight di ọmọ náà lápá mú, ó ń bá a wí. Ọmọ náà ní ó le. Knight ní ẹ̀kọ́ ilé lòún kọ́ ọ. Brand ní ọ̀rọ̀ náà ju ti apá yẹn nìkan lọ. Lọ́jọ́ 10 oṣù náà, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ti Knight ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ wo ló ń pe ẹni ọdún 59 lórúkọ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ Indiana náà ti Knight ni wọ́n ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n wọ́ lọ sílé Brand pẹ̀lú ìbínú. Mo sọ ọ́ fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ń lọ aṣọ, kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ọwọ́ tó di apá mú yẹn, ṣé òun kọ́ ló ti di ọrùn mú tẹ́lẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ni mo bá sá di òwe, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó rí ibi tó ti yọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni òwe yẹn ń sọ. Ọmọ tí ọwọ́ ọ̀tún bá wí ni ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ fà mọ́ra. Ní Indiana, Turner ni ọwọ́ òsì fà mọ́ra. Ọrùn Reed ni ọwọ́ ọ̀tún wà. Nílé ìwé wa, èmi ni wọ́n san owó WAEC fún. Ọ̀rẹ́ mi ló gba ìgbátí. Bí èmi tí mo jẹ àǹfààní bá wá ń sọ pé Kóòṣì bá wa wí, ó sì fà wá mọ́ra, ẹnu ta ni mo fi ń sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ 8 oṣù Èrèlé 2020, Knight padà sí pápá Indiana fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lé e. Ẹni ọdún 79 ni. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àtijọ́ yí i ká, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Èmi náà wò ó, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n Neil Reed kò lè sí níbẹ̀. Olùkọ́ ló padà dà ní California, ó sì kú ní 2012, ní ẹni ọdún 36. Kò sí láyé láti pàtẹ́wọ́, kò sì sí láyé láti kọ̀ láti pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ tèmi ṣì wà láyé. Mo pè é. Kò sí nínú WhatsApp wa. Kò sẹ́ni tó rántí fi í síbẹ̀. Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ jàre. Ó ṣe dáadáa fún ẹ. Ṣáà má kọ ọ́ pé gbogbo wa ló ṣe dáadáa fún." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé a ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti ń retí kí ẹnìkan sọ ìyẹn láti SS2.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ka Yorùbá mọ̀ pé oríkì kọjá ìyìn lásán. Oríkì orílẹ̀ a máa sọ àléébù ìdílé mọ́ ìdílé lójú, àwọn oníǹkan á sì tún máa yọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń kì. Nítorí náà, mo kọ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, mo kọ owó WAEC, mo kọ ife ìpínlẹ̀ tí a gbà. Ní ìlà kẹjọ, mo kọ ọ́ pé ọwọ́ yìí kan náà le, pé ó kan etí ọmọ kan, àti pé àwa tí a wà níbẹ̀ dákẹ́.

Mo fi í ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Kápítẹ́nì wa dá mi lóhùn pé ó dùn gan-an, kí n ṣáà yọ ìlà kẹjọ kúrò, ọjọ́ ayọ̀ ni. Mo ní bí ìlà kẹjọ bá kúrò, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò kà á. Mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi kún tiwa.

Àwọn 14 ti rí ọ̀rọ̀ náà. Kò tíì sẹ́ni tó fèsì.