Ohun Tó Wọlé, Ohun Tó Jáde

Ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, nínú yàrá kan létí títì tó lọ sí Aké, ni mo ti kọ́ṣẹ́ àlàyé kíkọ fún Emacs, èyí tí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fi ń kọ iṣẹ́ wọn. Bí o bá di Control mú, tí o tẹ h, tí o tún tẹ f, tí o wá kọ orúkọ function kan, ìyẹn ẹyọ àṣẹ kan nínú ètò, àlàyé rẹ̀ á yọ. Ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́.

Ọ̀gá mi kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n fọwọ́ kan Emacs. Ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí àwọn míṣọ́nnárì CMS tẹ̀ jáde ní 1913 ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. "Kí lo rí kí ìtumọ̀ tó dé?" Mo rí n. lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, v. lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. "Irú ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọ. Function náà ní irú tirẹ̀: irú ohun tó ń gbà, irú ohun tó ń mú jáde."

Òfin ìkọ̀wé ló tẹ̀ lé e. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn, kó ní àmì ìdánudúró, kó má gùn ju àmì 80 lọ. Lẹ́tà ńlá la fi ń kọ orúkọ ohun tí function ń gbà. Checkdoc wà tó ń ṣọ́ gbogbo èyí, àmọ́ ojú ọ̀gá mi mú jù ú lọ. Wọ́n á kàn dá iṣẹ́ padà láìsọ ibi tó kù sí. Èmi ni n ó wá a kàn.

Ní ti irú, t ni a ń kọ fún "ohunkóhun", ó sì máa ń yá ọwọ́ tó ti rẹ̀ lára. Ọ̀gá mi kì í gbà á, àfi níbi tó bá jẹ́ òótọ́, bíi nth, tó lè mú ohunkóhun jáde nínú àkójọ.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí ní ohun tí string-match ń mú jáde. Mo ní nọ́ńbà. "Dán an wò." Mo wá "Ake" nínú "Ijemo Ake": 6, nítorí láti òdo ni ó ti ń kà. Mo wá "Egba" nínú "Ijemo": nil, ìyẹn ni pé kò sí níbẹ̀. Ojú mi là. Irú méjì ló lè jáde, (or integer null), nọ́ńbà odindi tàbí nil. Ẹni tí a bá sọ nọ́ńbà nìkan fún, tó wá fi èsì náà ṣe ìṣirò, ètò rẹ̀ á dákú lọ́jọ́ tí ohun tó ń wá kò bá sí níbẹ̀.

Ní 2022, Emacs 28 dé pẹ̀lú iṣẹ́ Andrea Corallo, tó ń sọ èdè Lisp di èdè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń sọ, tó sì ń fi làákàyè wá irú ohun tí function ń mú jáde. Ní February 2025, Emacs 30 gbé irú yẹn sójú ìwé àlàyé, ó sì fún wa ní ftype, kí a lè fọwọ́ ara wa kéde rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀. Ọ̀gá mi ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà sí ibi ìkìlọ̀: bí irú tí a kéde kò bá jẹ́ òótọ́, tí a sì fi ìpele ààbò òdo (compilation-safety 0) ṣe ìtumọ̀ sí èdè ẹ̀rọ, Emacs lè dojú dé. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn nìkan ni àlàyé wa lè ṣì lọ́nà. Ní báyìí, ẹ̀rọ pàápàá gbà wá gbọ́.

Nítorí náà, n kì í kéde ohunkóhun kí n tó tọ gbogbo if dé òpin rẹ̀, kí n fún function náà ní òfìfo, kí n fún un ní nil. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ lórí function kan tó ń ka iye owó látinú ọ̀rọ̀ wá, mo kọ number, n kò kọ integer, torí "3.5" lè wọlé. Ọ̀gá mi ka code náà, wọ́n ka ìlà mi, wọ́n tún padà sí code. "Fi ránṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé òmíràn fún mi.