Ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó mọ bíréèkì rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn ní Kùtọ̀nú ló ti sin ẹlòmíì lókè òkun kó tó di tiwa. Èbúté ìlú náà, tí wọ́n ṣí ní 1965, ti di ọ̀nà ńlá tí tòkunbọ̀ ń gbà wọlé ní apá ibí yìí. Kí Nàìjíríà sì tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Èkó. Èyí tó bá dúró sọ́dọ̀ wa, a máa ń wo ọ̀dà rẹ̀, a máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, a sì máa ń yẹ ìjókòó rẹ̀ wò. Bíréèkì ni a kì í wò, nítorí ẹ̀yìn táyà ló fara pamọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ ní Kùtọ̀nú gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ plaquette iwájú, tí àwọn ará Èkó ń pè ní bíréèkì páàdì, àti disque tí plaquette yẹn ń fún pọ̀. Kí ó kọ́ ọ débi tí ó fi lè ṣe é nínú àgbàlá ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹkáníìkì ni yóò máa bá a ṣe é lẹ́yìn náà.

Tiwájú ni mo mú nítorí òun ló ń ṣe wàhálà jù. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á ré síwájú, imú á tẹ̀ba, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Nínú ọkọ̀ kékeré tí a ń gùn kiri, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó ń dá ọkọ̀ dúró ló ń ti iwájú wá. Eré sì ń sọ ẹrù yìí di ńlá ju bí awakọ̀ ṣe rò lọ. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,200 kìlógíráàmù, tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan, gbọ́dọ̀ sọ agbára tó tó kílójúùlù 74 di ooru kó tó dúró. Bí ó bá ń sá 80, eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ooru á di nǹkan bí kílójúùlù 296, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin. Ilẹ̀ Kùtọ̀nú tó tẹ́jú máa ń tan ni jẹ. Ẹ lọ wo oríta Vèdoko tàbí ti Étoile Rouge nírọ̀lẹ́: ọkọ̀ á rìn díẹ̀, á dúró, ọlọ́kadà zémidjan kan á já wọlé láti ọ̀tún, á tún dúró, ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí bíréèkì. Bí ọkọ̀ kan náà bá wá kó èrò àti ẹrù lọ ìsìnkú ní ìlú òkè, tó dé àárín òkè Atacora, tó ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tí ìlú ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ á hàn síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe awo. Láti 1902 ni Frederick Lanchester, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì oní-disque. Ní 1955, Citroën gbé DS jáde pẹ̀lú disque níwájú. Peugeot 504 tí àwọn àgbà wa mọ̀ bí ẹni mowó náà ní in. Ohun tó wà lẹ́yìn táyà kò tíì yí padà púpọ̀: kálípà kan, píṣìtìnnì nínú rẹ̀, plaquette méjì, disque láàárín wọn. A tú táyà, a tú bóòtù kálípà, a gbé e kúrò, a fi wáyà so ó rọ̀ kí ìwúwo rẹ̀ má bàa fa rọ́bà epo bíréèkì ya, a sì yọ plaquette. Ìgbà náà ni kí a wá lajú. Plaquette tí ohun tó ń fi jẹ disque kò bá ju mìlímítà mẹ́ta lọ mọ́, kí a jù ú nù. Kí a fi èékánná wọ́ ojú disque láti àárín lọ sí etí: bí ó bá kọ́ ebè kan létí, iye tí ebè yẹn ga ni disque ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ara disque gan-an ni wọ́n kọ iye tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù sí, lẹ́yìn lẹ́tà MIN TH. Ó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè nu ìpẹtà kúrò kó sì kà á, síbẹ̀ àṣà tó gbilẹ̀ ni kí wọ́n fi plaquette tuntun lé disque àtijọ́ lórí, kí wọ́n dé táyà padà, kó tán. Plaquette tó tẹ́jú lórí disque tó ti gbẹ́ kòtò kì í kan gbogbo ojú rẹ̀, disque tó sì ti tín-ín-rín kò láàyè fún ooru. Ìpẹtà tún ń kó tiẹ̀ wá, nítorí àárín òkun àti adágún Nokoué ni a ń gbé. Bí a kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú irin tí disque jókòó lé títí yóò fi dán, disque tuntun á jókòó wọ́, ìdarí á máa gbọ̀n láìpẹ́, a ó sì máa bú ẹni tó tà á.

Àwọn kan á ní bíréèkì kì í ṣe ohun tí aláìmọ̀ ń fọwọ́ kàn. Òótọ́ ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ewu tó wà nínú iṣẹ́ yìí kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ní orúkọ. Iyanrìn Kùtọ̀nú kì í gba jáàkì: kí a tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kí a di táyà ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ sì jókòó sórí ẹsẹ̀ irin kí ọwọ́ tó wọlé. Búlọ́ọ̀kù kò ṣeé fi ṣe ẹsẹ̀ irin láé, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Lẹ́yìn tí a bá ti píṣìtìnnì padà, pẹ́dà máa ń rì dé ilẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kí a máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le kí ọkọ̀ tó sún ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè fọ́ géètì ara rẹ̀. Bí píṣìtìnnì bá ti há tàbí tí epo bá ń jò, kí ọlọ́kọ̀ dáwọ́ dúró níbẹ̀, kó ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Kí ìgbà àkọ́kọ́ sì jẹ́ lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí a bi ara wa pé ọwọ́ ta ni iṣẹ́ náà wà báyìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń tú ọkọ̀ mìíràn ni. Àwọn mìíràn á ní ayẹ̀wò ọkọ̀ tí CNSR, àjọ ààbò ojú pópó, ń ṣe ti tó. Ayẹ̀wò dára, àmọ́ ó ń sọ bí bíréèkì ṣe dì mú lọ́jọ́ yẹn ni. Kì í tú táyà.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a ń rà le ju ti sípánà lọ. Plaquette tí wọ́n fàṣẹ sí fún Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbìrí, àti 90R. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní àmì kankan, kí a dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ eruku bíréèkì, àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún: Yúróòpù ti fòfin de asbestos, tí a ń pè ní amiante, láti 2005, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ láyé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Epo bíréèkì náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Epo bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Nígbà tó bá ti mu omi, ó lè máa hó ní nǹkan bí 155°C, afẹ́fẹ́ Kùtọ̀nú kì í sì sábà gbẹ. Agolo tí wọ́n ti ṣí, tó wà lórí igbá, kò yẹ ní rírà.

Àríwísí tó wúwo jù lójú mi ni ti oúnjẹ mẹkáníìkì. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi ọdún mẹ́ta sin ọ̀gá, tí wọ́n ń lépa ìwé-ẹ̀rí CQM, kí ni wọn yóò jẹ bí olúkúlùkù bá ń tú táyà rẹ̀ nílé? Mi ò rò pé ìmọ̀ oníbàárà ló ń gba oúnjẹ wọn. Àìmọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn táyà kò mọ nǹkan mìíràn ju iye owó lọ. Bí mẹkáníìkì olóòótọ́ bá ní disque náà gbọ́dọ̀ kúrò, olè ni wọ́n á pè é. Èyí tó ní plaquette nìkan ti tó ló ń gba iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ ṣe ń kọ́ láti dákẹ́. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn disque rí yóò san owó méjèèjì, yóò sì ní kí wọ́n kó ti àtijọ́ wá kí òun wò ó.