Olùkọ́ ni Màmá Marcory

Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ láti Èjìgbò dé Abidjan, ibodè mẹ́rin ni yóò kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao àti Elubo. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹrù á sọ̀, ìwé á jáde lápò, owó á tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí ará Èjìgbò. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń tọ̀ ọ́ lọ ṣòwò. Òwò kọ́ ni mo bá lọ ní tèmi. Àdúrà ogójì ọjọ́ àbúrò bàbá mi obìnrin, Màmá Marcory, ni.

A gba Grand-Bassam wọlé, a kọjá Port-Bouët, mo sì sọ̀ létí títì Giscard d'Estaing ní Marcory. Woro-woro, takisí akérò wọn, ló gbé mi dé àdúgbò màmá, lápá Anoumabo, abúlé àwọn Ebrié tí ìlú ńlá ti yí ká. Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Àwòrán màmá wà lára ògiri pẹ̀lú ìwé ìkéde ikú rẹ̀: oníṣòwò aṣọ, ìyá ọlọ́mọ, ìyá àgbà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wàláà mélòó kan ṣì fara ti ògiri pálọ̀ lábẹ́ àwòrán náà, tàdáwà ṣì wà lára ọ̀kan. Ibẹ̀ ni màmá ti ń kọ́ ọmọ Anango ní kéú, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó ń kọ́ wọn ní Yorùbá pẹ̀lú, kí èyí tí Faransé ti gba ẹnu rẹ̀ lè bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Tọkọtaya tó bá ń jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́jọ́ lọ. Ìyàwó kan sọ fún mi pé màmá kì í dá ẹjọ́ ẹni tí ebi ń pa. "Ẹ jókòó, ẹ jẹun ná," ni yóò wí, yóò sì gbé abọ́ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, kan ṣoṣo síwájú àwọn méjèèjì. "Ká tó jẹun tán, ìbínú ọkọ mi ti wálẹ̀, tèmi náà ti rọ̀."

Lọ́jọ́ àdúrà, àwọn àfáà pín Kùránì láàárín ara wọn, kálukú ń ka tirẹ̀ fún olóògbé. Àwọn Júù náà a máa kẹ́kọ̀ọ́ ìwé mímọ́ ní orúkọ òkú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí obìnrin wọn kan tí òun náà jẹ́ olùkọ́, Nechama Leibowitz. Riga ni wọ́n bí i sí ní 1905. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Jámánì, ó sì kó lọ sí ilẹ̀ Palẹstínì ní 1930. Láti 1942, fún bí ọgbọ̀n ọdún, ó ń fi ìbéèrè lórí Tórà ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn, Nechama fúnra rẹ̀ ni yóò máàkì í padà fún un. Kò bímọ. Ó gba Ẹ̀bùn Ísírẹ́lì ní 1956, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 1997, orúkọ rẹ̀ àti "olùkọ́" ló ní kí wọ́n kọ sójú ibojì òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ìyá bíi Màmá Marcory ní Abidjan, ní Kùtọnu tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi ọjà àti ọmọ nìkan sọ ìtàn wọn. Ẹ wá àwọn tí wọ́n kọ́ rí, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé ìkéde.