Góòlù Mẹ́ta, Rákà Mẹ́ta

Bí àwa tí ewú ti bo orí wa bá jókòó pọ̀ ní Alékùwodò níhìn-ín, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá sì dé, ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980 ni yóò parí sí. Ọdún 1400 lẹ́yìn Híjíra ni. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní Èkó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a mọ̀ pé ti ọdún 1994 àti ti 2013 ni ẹ máa ń rántí. A kò bá yín du ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti wù kó pọ̀ tó, àkọ́bí ni àkọ́bí í jẹ́.

Nígbà náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà; ọdún 1991 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilé wa ni a ka àwọn agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn sí: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ ilé, àti Muda Lawal. Ní ilé kéwú wa, ti Muda Lawal yìí ló ká wa lára jù. Mudashiru ni orúkọ rẹ̀, irú orúkọ tí àwa náà ń jẹ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Abẹ́òkúta kí bọ́ọ̀lù tó gbé e jáde. Mẹkáníìkì tó ń jẹ́ Mudashiru ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù fún gbogbo Nàìjíríà! Ta ni orí rẹ̀ kò ní í wú?

Nàìjíríà na Tànsáníà 3-1, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Ivory Coast, wọ́n na Íjíbítì 1-0. Felix Owolabi ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Mòrókò. Ó wá ku Àlgéríà ní àṣekágbá. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ kéwú. Ọ̀kan nínú wa ní, “Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ Mùsùlùmí ni Àlgéríà ni? Ṣé ó yẹ kí á máa ṣe dúà pé kí Ọlọ́hun bá wa na àwọn ará wa?” Ọ̀rọ̀ náà dà wá láàmú, a sì gbé e lọ bá Àáfà wa.

Àáfà kò dá wa lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó nawọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, ìwé Akhdari tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrun.

“Ọmọ ibo lẹni tó kọ ìwé yìí?”

Gbogbo wa dákẹ́.

“Ọmọ Àlgéríà ni. Ó ti tó irínwó ọdún tó ti kọ ọ́, òun ló sì ń kọ́ yín bí ẹ ó ti kírun títí dòní. Àmọ́ ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta ayò, ṣé ó máa ń fẹ́ di òpè nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ni? Eré ni bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ọmọ mi, ogun kọ́. Ẹ lọ gbọ́ eré yín.”

Bí a ṣe rọ́ lọ sídìí rédíò télọ̀ kan tó wà lẹ́bàá títì nìyẹn. Gbogbo wa la ti dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ra bátìrì tuntun sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni Ernest Okonkwo fi ń ròyìn eré náà, àwa tí a sì ń lọ sílé ìwé òyìnbó ni a ń túmọ̀ rẹ̀ fáwọn bàbá tó yí wa ká. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ju agbára wa lọ, a ó fi tiwa dí i. Ìṣẹ́jú kejì péré ni Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù àkọ́kọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, ó tún jẹ èkejì. Wọn kò tí ì pẹ́ tí wọ́n padà dé tí Muda Lawal fi jẹ ẹ̀kẹta. A kò gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ mọ́ nítorí ariwo wa. Ààrẹ Shehu Shagari wà lórí ìjókòó, Christian Chukwu tí í ṣe balógun ikọ̀ sì gba ife.

A já ewé, a gba ojú títì, ó di Ọlá-Ìyá, a ń pariwo “Mudashiru! Mudashiru!” Wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì. A kò ní í purọ́: a gbọ́ ọ. Olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì, ẹsẹ̀ wa kò sì dúró. Nígbà tí a fi máa padà, wọ́n ti kí Ìṣáì tán.

Àáfà jókòó síwájú ilé pẹ̀lú fìtílà. Pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

“Góòlù mélòó la jẹ?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Ìrun mélòó lẹ jẹ?”

Kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè. Nígbà tó yá, ẹni tó dàgbà jù nínú wa ní, “Ọ̀kan, sà.”

Ó ní kí á ṣí Akhdari sí ibi tó ti sọ̀rọ̀ sísan ìrun tó bá bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. A kà á, a túmọ̀ rẹ̀, a ṣe àlùwàlá, a sì san Mọ̀gáríbì wa, rákà mẹ́ta. Ọmọ Àlgéríà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ na àwọn ará ilé rẹ̀ ló tún fi ọ̀nà àtisan gbèsè hàn wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a parí, tí a kí Ìṣáì tiwa náà tán, Àáfà ṣe dúà fún Nàìjíríà, ó sì fa ẹní sún mọ́ wa. Ó ní, “Gbèsè ti tán. Ẹ wá sọ ti góòlù Mudashiru yẹn fún mi dáadáa.”

Ayọ̀ abara tíńtín. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981, Àlgéríà wá sí Èkó, wọ́n nà wá 2-0, wọ́n tún nà wá nílé wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà Ife Àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́. Inú bí wa gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n na West Germany 2-1 ní Ife Àgbáyé náà lọ́dún 1982, àwa kan náà la tún fò sókè. Muda Lawal kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1991, kò ju ọmọ ọdún 37 lọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré kan ní Abẹ́òkúta. Ogedegbe lọ ní 2009, Chukwu sì lọ ní 2025.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni ọmọ kan tí a ń kọ́ ní kéwú. Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn borí, àmọ́ a bá a níbi tó ti káwọ́ lérí. Kí ló dé? Góòlù méjì ló ta tẹ́tẹ́ lé, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ. Owó ìyá rẹ̀ tó fẹ́ fi ra ọjà ló bá a lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, kò rí ayọ̀ yọ̀. Bí yóò bá di ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta bíi tiwa, kí ni yóò rántí nínú eré náà?

A kò fi pàṣán kàn án. A mú un lọ bá ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́, a sì jọ ṣètò bí yóò ti máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà la sọ ìtàn yìí fún un, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí a dé ibi góòlù Mudashiru.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò ní kẹ́ ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Àwa náà ń wò ó. Ayọ̀ wa ti 1980 kò ná wa ju owó bátìrì lọ, gbèsè tó kó wa sí kò sì sùn mọ́jú. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn lẹ́nu wa títí dòní. Kí Ọlọ́hun fún ẹ̀yin náà ní irú rẹ̀. Àmín.