Ẹ̀rí Ajílẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí mo ti ń pèsè ajílẹ̀ láti ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ́ bátìrì mọ́tò rí fún àyẹ̀wò, mo rántí pé ìràwé a máa jẹrà, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà. Ní ọdún 2010, òjé inú ekuru òkúta wúrà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé ní Zamfara.

Ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè jẹ́rìí fún òkìtì. Mo bo imú, mo bu díẹ̀díẹ̀ níbi púpọ̀, mo pò ó, mo sá a síbi òjìji, mo sì fi asẹ́ oníhò mìlímítà 2 jọ̀ ọ́. Mo pín in sí mẹ́rin, mo mú ìdá méjì tó kọjú síra, mo sì tún un pò. Bí a bá ṣa èyí tó dára nìkan, a ó dá ilẹ̀ olóró láre, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀.